Ilé Aránṣọ Tí Máàpù Gbé Mì

Ohun kẹta tí katapílà hú jáde nínú ilẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà ni àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Funfun báláú ni, kò fọ́, kò sán, ó jókòó sáàárín eyín katapílà lókè réré bí ọba tó ń wo ìlú rẹ̀. Àwọn alága ìlú méje gbójú sókè, wọ́n wo àwo. Àwo náà wo àwọn alága.

"Ṣé odò ọ̀hún nìyẹn?" Alága ìlú orí òkè ló béèrè, obìnrin kan tó wọ bàtà òjò tuntun, ìwé ṣọ́ọ̀bù ṣì lẹ̀ mọ́ gìgísẹ̀ rẹ̀.

Ìbéèrè náà kò fẹ́ ìdáhùn, ṣùgbọ́n Ìyá Eléwéko dáhùn. "Rárá o, mà. A ṣì ń bọ̀ níbẹ̀."

Kò tíì bímọ rí o. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, ó ga bí òpó iná, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn débi pé bó bá jókòó sínú mọ́tò, orúnkún rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kí dẹ́rẹ́bà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti dé ọ́fíìsì tó ń ṣètò ìlú, tó ń bá gbogbo ayé jà nítorí ewéko, ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Ìyá Eléwéko. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn bí èèmọ́. Ó ti gbà fún un.

Kí àwo yẹn tó dé, bàtà ẹsẹ̀ òsì kan ló kọ́kọ́ jáde, táyà kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé e. Omi nìkan ló kọ̀ tí kò jáde. Kòtò náà ti jìn ju ìdúró èèyàn méjì lọ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì gbẹ bí ọ̀fun ẹni tó ń purọ́ níwájú adájọ́. Bẹ́ẹ̀, orí omi ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé.

Ìlú méje ni wọ́n. Láyé àtijọ́, oko àti igbó ló wà láàárín ìlú kan sí èkejì. Wọ́n wú, wọ́n wú, títí wọ́n fi fara kanra bí búrẹ́dì inú páànù kan ṣoṣo. Lónìí, èèyàn lè sín ní ìlú kan kí wọ́n kí i pẹ̀lẹ́ ní ìlú kejì. Kọnkéré lọ́tùn-ún, kọnkéré lósì. Bí oòrùn bá ràn, gbogbo wọn á jọ yan pọ̀. Bí òjò bá rọ̀, gbogbo wọn á jọ lúwẹ̀ẹ́. Alága kọ̀ọ̀kan á gbẹ́ gọ́tà tirẹ̀, gọ́tà náà á sì kó omi lọ bá aládùúgbò, tayọ̀tayọ̀.

Ìyá Eléwéko ló wá ya ìlà kan. Ìlà kan ṣoṣo, aláwọ̀ ewé, láti orí òkè dé etí omi ńlá, ó gba inú ìlú méjèèje kọjá láì já. Ọ̀nà Tútù ni wọ́n pè é. Igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ilẹ̀ àti koríko lórí òrùlé ọjà. Adágún kéékèèké tí òjò á ti máa sinmi kó tó máa bá ìrìn rẹ̀ lọ. Àbàtà tí wọ́n á fi sílẹ̀ kó máa ṣe àbàtà rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọdún mẹ́rin ló fi ṣe é. Ó fẹsẹ̀ rin gbogbo ibẹ̀, ajá ìlú mẹ́fà ló lé e; ti ìlú keje ò lé e nítorí pé ológbò ni wọ́n ń sìn lọ́hùn-ún.

Ní àárín gbùngbùn ìlà náà, ní ìlú kẹrin, odò kan wà tí wọ́n ti bò mọ́lẹ̀ láti ọdún márùndínlógójì sẹ́yìn. Wọ́n darí rẹ̀ gba inú páìpù ńlá, wọ́n da kọnkéré lé e lórí, bọ́ọ̀sì wá ń páàkì síbẹ̀. Bí wọn ò bá ṣí odò yẹn, omi òkè ò ríbi gbà, àwọn igi ìsàlẹ̀ ò sì ní rómi mu. Ìlẹ̀kẹ̀ tó bá ti já láàárín, kò sẹ́ni tó ń so ó mọ́rùn mọ́.

Àwọn alága méje yìí ò sì fọkàn tán ara wọn. Ẹni àkọ́kọ́ ní òun ò ní gbin igi kan bí ẹnì kejì ò bá gbìn. Ẹnì kejì ń wo ẹnì kẹta. Ẹnì kẹta ní orí ń fọ́ òun. Nígbẹ̀yìn, wọ́n fẹnu kò: wọ́n á pàdé ní ìlú kẹrin, lójú odò. Bí wọ́n bá ti fojú ara wọn rí omi náà, kálukú á yọ bírò rẹ̀, wọ́n á tọwọ́ bọ̀wé lára máàpù ńlá tó wà lórí tábìlì lábẹ́ tapólì. Bí wọn ò bá rí i, kálukú á gbalé lọ, Ọ̀nà Tútù á di ìtàn. Òní ni ọjọ́ náà. Alága ìlú orí òkè ti ní aago méjìlá gééré lòun ń lọ, gbogbo èèyàn ló sì mọ̀ pé bó bá fi lọ, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e bí àgùntàn. Aago mọ́kànlá ti kọjá dáadáa.

Ọ̀gá Ìyá Eléwéko rìn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn alága, ó sì ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu sọ̀rọ̀.

"Odò dà?"

"Máàpù ní ibí ni, sà."

"Mi ò bi máàpù. Ìwọ ni mo bi."

Lórí katapílà, dẹ́rẹ́bà yọrí síta. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé kò tíì ṣe nǹkan kan jẹ́jẹ́ rí láyé ẹ̀. "Ẹ̀yin èèyàn mi!" ó pariwo. "Bí mo bá tún gbẹ́ sí i, àwọn ará òdìkejì ayé lẹ máa bá tọwọ́ bọ̀wé o!"

Lábẹ́ ògiri ilé ìwé, níbi tí òjìji wà, ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín.

Baba arúgbó kan ni. Ó jókòó sórí àga ike tó gbé wá láti ilé, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ bí ẹni tó wá wo ìjàkadì. Ìyá Eléwéko ò tiẹ̀ yíjú wò ó. Ẹ̀rín yẹn ló ń jí i láràárọ̀.

Baba Kọnkéré ni gbogbo ìlú ń pè é. Ọgbọ̀n ọdún ló fi da kọnkéré. Bí ẹ bá ti ṣubú rí ní ìlú kẹrin, tí eyín yín yọ, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lẹ fẹnu gbá. Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ kó tó gun katapílà. Òun náà sì ni bàbá tó bí Ìyá Eléwéko. Kò sẹ́ni tó mọ ìyẹn ní ọ́fíìsì. Ọmọ náà ò purọ́ fún wọn, wọn ò bi í ni. Ṣùgbọ́n òun náà mọ ìdí tí òun ò fi ń mẹ́nu bà á. Báwo lèèyàn ṣe máa ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá mi ló bo gbogbo ibí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi hú u"?

Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, nǹkan ò dán mọ́rán nílé. Ìwé pẹlẹbẹ kan ló fà á, èyí tí ọ́fíìsì tẹ̀ pín káàkiri kí àwọn ará ìlú lè mọ ohun tí Ọ̀nà Tútù jẹ́. Ìyá Eléwéko ló kọ ọ́. Bàbá rẹ̀ ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó fi ìka tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn èkejì, fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Nígbà tó dé ojú ewé kẹta, ó pa ìwé náà dé, ó tì í sápò. Ó bá dákẹ́. Bàbá tí kì í dákẹ́ lójú oorun pàápàá!

Ìyá Eléwéko ká máàpù kékeré kan mọ́ abíyá, ó gba abẹ́ ògiri lọ.

"Ẹ kú ìjókòó, bàbá."

"Ìwọ náà kú ìdúró."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo wá wòran ni. Jẹ́jẹ́ ló pè mí. Ó ní ẹ fẹ́ máa fi katapílà wá odò bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Àwo yẹn nìkan ti tó ìran. Mo lè máa lọ sílé báyìí." Kò sì mira lórí àga.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ bo odò yìí. Ẹ̀yin lẹ mọ ibi tó wà."

"Èmi kẹ̀?" Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ìwé ní àwọn tí ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ló bò ó. Ojú ewé kẹta. Ẹni tí ò mọ ohun tó ń ṣe, ṣé ó máa wá mọ ibi tó ti ṣe é?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára bí ẹ̀gún. Ó kàn tẹ́ máàpù náà lé bàbá lẹ́sẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ẹ ṣáà bá mi wò ó."

Baba Kọnkéré fa dígí ojú rẹ̀ yọ, èyí tí apá kan ti kán, tó fi òwú so mọ́ etí. Ó wo máàpù. Ó dorí rẹ̀ kodò, ó tún un wò.

"Ilé ìwé rèé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ilé sinimá àtijọ́ rèé."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Odò wá gba ẹ̀gbẹ́ ilé sinimá?" Ó gbójú sókè. "Ilé aránṣọ dà?"

"Ilé aránṣọ wo?"

"Ilé aránṣọ tó wà láàárín àwọn méjèèjì kí wọ́n tó wó o! Onílẹ̀kùn mẹ́ta, kànga lẹ́yìn, ìyàwó ilé náà máa ń bú èèyàn láti ojú fèrèsé. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ ti kọ́ṣẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí i." Ó fi ìka gbá ìwé náà. "Ẹ ti gbé e mì! Ẹ gbé odindi ilé mì pẹ̀lú kànga! Bí ò bá sí ilé aránṣọ, kò sí ìyá rẹ níbẹ̀. Bí ò bá sí ìyá rẹ níbẹ̀, ta ló ń bá mi sọ̀rọ̀ yìí?"

Ìyá Eléwéko fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Ó bá rántí.

Máàpù àtijọ́ tó fi ṣiṣẹ́, inú kọ́bọ́ọ̀dù irin kan ló ti rí i, ó ti wà níbẹ̀ ní kíká sí méjì láti ìgbà tí wọn ò tíì bí i. Ó ti gan paali. Nígbà tó fẹ́ fi ẹ̀rọ yà á sínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rù bà á pé bí òun bá tú u, á ya lójú ibi tí wọ́n ti ká a. Ó wá ya apá kan, ó yí i padà, ó ya apá kejì, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ so méjèèjì pọ̀. Wọ́n bára mu dáadáa. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó pe gbogbo ọ́fíìsì wá wò ó. Ilé ìwé nìkan ni kò bọ́ síbi tó yẹ kó bọ́ sí. Ó rántí ohun tó sọ lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ẹ̀rín: "Àwọn àgbà yìí ò tiẹ̀ lè ya ilé ìwé kan síbi tó wà." Ó fi kọ̀ǹpútà fa ilé ìwé lọ sí àyè rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi odò tó wà lápá kan náà sílẹ̀ níbi tó wà.

Ìwọ̀n àtàǹpàkò kan ló há sójú ibi tí ìwé ti ká. Lórí ilẹ̀, ìwọ̀n àtàǹpàkò yẹn ni odindi ilé aránṣọ, kànga rẹ̀, àti gbogbo àyè tó wà láàárín ibi tí wọ́n ń gbẹ́ àti ibi tí odò gbà gan-an.

"Bàbá," ó ní, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Èmi ni mo gbé e mì."

"Mo mọ̀. Ẹnu rẹ náà ló fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀."

"Ibo wá lodò wà?"

Baba Kọnkéré ki ọwọ́ bọ àpò, ó fa ìwé pẹlẹbẹ náà jáde. Etí rẹ̀ ti ká, òógùn sì ti rin ín. Ó ṣí i sí ojú ewé kẹta, ó nà án sí i.

"Kà á sókè. Kí àwọn tó wọ bàtà òjò yẹn gbọ́."

Ó wo ojú bàbá rẹ̀. Kò sí ẹ̀rín níbẹ̀ mọ́. Ọ̀gá rẹ̀ ń bọ̀, ó ń nu iwájú orí. Àwọn alága tẹ̀ lé e, nítorí pé èèyàn tí nǹkan bá ti sú máa ń fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ níbòmíì. Alága ìlú orí òkè wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ìyá Eléwéko dìde. Nígbà tó bá ti na ara tán, kò sẹ́ni tí kì í rí i.

Ó kà á sókè. "'Àwọn tí kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ló bo odò yìí mọ́lẹ̀.'"

Afẹ́fẹ́ fẹ́ tapólì lọ́hùn-ún.

"Èmi ni mo kọ ọ́. Irọ́ ni. Èmi náà ni mo so máàpù pọ̀ ní àṣìṣe, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń wo àwo ìgbọ̀nsẹ̀ láti àárọ̀. Ẹni tó bo odò yìí mọ ohun tó ń ṣe. Wọ́n ní kó bò ó, ó sì bò ó, iṣẹ́ rẹ̀ ò sì tíì gbọ̀n láti ọdún márùndínlógójì." Ó nawọ́ sí àga ike. "Bàbá tó bí mi nìyí."

Jẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, lókè lọ́hùn-ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Alága ìlú orí òkè kúnlẹ̀ díẹ̀ nínú bàtà òjò rẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, bàbá."

"Ẹ káàárọ̀ o." Baba Kọnkéré wúkọ́. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ fìlà náà ò yẹ̀. Ó dìde. "Láti igun ògiri ilé ìwé yìí, ẹsẹ̀ ọgọ́rin sọ́nà ilé sinimá. Oṣù méjì ni mo fi kà á lójoojúmọ́, pẹ̀lú sìmẹ́ńtì lórí."

Ó gbé ẹsẹ̀ kan. Ó gbé èkejì. Nígbà tó gbé ẹ̀kẹta, ó dúró, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pààrọ̀ bàtà rẹ̀ nílé àlejò.

"Àwọn wọ̀nyí kọ́," ó ní. "Wọ́n ti kúrú. Bí mo bá fi ìwọ̀nyí kà á, ìdájì ọ̀nà la máa gbẹ́." Ojú rẹ̀ lọ sára ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó ń tẹ̀ lé e lọ sókè, sókè, títí. "Ẹsẹ̀ mi àtijọ́ rèé. Ara rẹ ló wà. Wá, kó o lò ó."

Bó ṣe di pé Ìyá Eléwéko ń rìn lórí kọnkéré nínú oòrùn nìyẹn, alága méje ń tò tẹ̀ lé e lẹ́yìn, bàbá rẹ̀ sì ń pariwo láti abẹ́ ògiri.

"Má sáré! Ta ló ń lé ọ? Rìn bí ẹni tó ru àpò sìmẹ́ńtì! Tẹ ọrùn wọlé! Ogún! Ṣé ó ti ń wúwo?"

"Ó ti ń wúwo, sà!"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀!"

Alága ìlú keje, ọkùnrin rọ̀bọ̀tọ̀ kan, ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tó ru nǹkan, láì mọ̀. Ní ẹsẹ̀ ọgọ́rin, Ìyá Eléwéko dúró. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tó yàtọ̀ sí ibòmíì, kọnkéré lásán, eérú, àmì ọ́ìlì bọ́ọ̀sì. Aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú.

Jẹ́jẹ́ gbé katapílà dé. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó là á mọ́lẹ̀. Gbàà! Eruku sọ. Kọnkéré ò ṣe bí ẹni pé ẹnì kan fọwọ́ kàn án.

"Àhà!" ni Baba Kọnkéré wí. Ó ti gbé àga rẹ̀ tẹ̀ lé wọn.

Jẹ́jẹ́ tún là á. Gbàà! Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, eyín katapílà kan kán, ó fò lókè, ó balẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà òjò alága. Baba Kọnkéré fò dìde.

"Ṣé ẹ rí i? Ẹ bá mi wò ó! Òkúta tó mọ́ ni mo fi pò ó! Mo fọ òkúta yẹn bí ẹni ń fọ abọ́! Ẹnjiníà ìgbà yẹn ní kí n fi omi sí i kó lè yá, mo ní kó lọ fi omi sí ọbẹ̀ ilé rẹ̀!"

"Bàbá!" Ìyá Eléwéko pariwo. "Wọ́n ń lọ ní aago méjìlá!"

"Kí wọ́n kọ́kọ́ wòran díẹ̀!"

Gbàà! Kò fọ́. Gbàà! Ó ya ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, ó sì dúró síbẹ̀. Wọ́n ní omi tí èèyàn máa mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó pa òwe yẹn ò tíì bá Baba Kọnkéré pàdé. Gbogbo ìgbà tí kọnkéré náà bá kọ̀, ọdún mẹ́rin Ìyá Eléwéko ń lọ. Ìyẹn ló mú kí ojú tì í fún nǹkan tó ń gbóná láyà rẹ̀. Katapílà ń kọ lu ilẹ̀, ilẹ̀ ò mì, ó sì ń sọ nínú ara rẹ̀ pé: iṣẹ́ bàbá mi nìyẹn o. Iṣẹ́ bàbá mi nìyẹn.

Alága ìlú orí òkè ti ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ nínú báàgì.

Baba Kọnkéré rí i. Ó wo báàgì, ó wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ò bẹ̀ ẹ́. Ó dúró lójú kan ni, ó di ọwọ́ mọ́ ara, ó ń wo ilẹ̀ yẹn bí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Bàbá fà á lápá, ó mú un lọ sẹ́yìn táyà katapílà.

"Sún mọ́ mi. Má jẹ̀ẹ́ kí Jẹ́jẹ́ gbọ́." Ohùn rẹ̀ lọlẹ̀. "Ibì kan wà tí ò dáa."

"Níbo?"

"Ibì kan ṣoṣo, nínú gbogbo ọgbọ̀n ọdún mi. Kọnkéré kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ti àkọ́kọ́ bá ti gan kó o tó da èkejì tì í, wọn ò ní di ọmọ ìyá mọ́. Wọ́n á kàn jọ máa gbé ni. Lọ́jọ́ kan, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbí, mò ń tẹ́ ẹ, ṣòkòtò mi fàya. Lẹ́yìn. Látòkè délẹ̀. Ọmọbìnrin kan yọjú láti ilé aránṣọ, ó ní, 'Bọ̀ọ̀dá, gbogbo àdúgbò ti rí yín tán, ẹ máa bọ̀ kí n bá yín rán an.' Mo wọlé. Wọ́n ní kí n dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ṣòkòtò ìṣẹ́jú márùn-ún, wákàtí méjì ló fi rán an. Èmi náà ò sì kánjú. Nígbà tí mo jáde, kọnkéré ti gan. Mo da èkejì tì í, mo fi sìmẹ́ńtì rin ojú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀." Ó nu imú. "Má sọ fún ìyá rẹ o. Ó rò pé mi ò ba nǹkan jẹ́ rí."

Wọ́n máa ń ní bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìyá Eléwéko ti gbọ́ òwe yẹn lẹ́nu olùkọ́, lẹ́nu àǹtí, lẹ́nu gbogbo èèyàn. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé àkísà kan báyìí ló bí òun.

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ ló ń ṣomi. "Ẹ fi ibẹ̀ hàn mí, sà."

Bàbá mú àfọ́kù bíríkì kan nílẹ̀. Ó rìn síwájú, ó fẹsẹ̀ gbá eruku kúrò lójú kọnkéré, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá nǹkan kan lára rẹ̀ bí ẹni ń wá ibi tó ń dun ọmọ. Ó fi bíríkì fa ìlà kan.

"Ibí," ó sọ fún Jẹ́jẹ́.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ibí, ọ̀gá?"

"Nítorí pé mo ní ibí ni."

Jẹ́jẹ́ ki eyín katapílà tó kù bọ ojú ìlà náà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé ẹ̀, ó ṣe é jẹ́jẹ́. Kọnkéré náà là bí èèpo ẹyin. Apá kan dìde ní odindi, ó fara ti katapílà, páìpù ńlá sì farahàn nísàlẹ̀. Jẹ́jẹ́ fi ìka irin kan ká orí rẹ̀ kúrò.

Atẹ́gùn ló kọ́kọ́ jáde, tútù nini, òórùn rẹ̀ bí abẹ́ òkúta. Gbogbo wọn sún sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbọ́ ọ. Omi ń lọ. Kò kánjú, kò pẹ́, ó ń lọ bó ṣe ń lọ láti ọdún márùndínlógójì, láì sí ẹni tó ń wò ó.

Alága ìlú orí òkè gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ lórí ilẹ̀. Ó kúnlẹ̀, pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì olówó ńlá yẹn, ó na ọwọ́ wọ inú ihò náà, ó sì fà á jáde ní rírẹ. Ó fi han àwọn yòókù. Kíá, àwọn alága mẹ́fà ti wà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n ń fi èjìká ti ara wọn bí ọmọ ilé ìwé nídìí ẹ̀rọ omi. Ẹni tí orí ń fọ́ ló fi omi náà bọ́jú.

Baba Kọnkéré ò wo omi. Ó ti dojú bolẹ̀ gbalaja létí ihò, ó ki orí bọ inú páìpù, ohùn rẹ̀ ń dún padà látinú lọ́hùn-ún.

"Kò sán! Ẹ wá fọwọ́ pa á! Ẹ wo ojú oríkèé yìí, ẹ wò ó, abẹ́rẹ́ ò lè gbà á kọjá!"

Alága ìlú keje dojú bolẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa oríkèé páìpù, ó ń ní, "Háà, bàbá. Háà." Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi dìde, aago méjìlá ti kọjá, kò sì sẹ́ni tó rántí wo aago. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé lára máàpù ńlá, pẹ̀lú ọwọ́ tó tutù, bírò ń yọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, Ìyá Eléwéko fi bírò tirẹ̀ ya ilé kan sáàárín ilé ìwé àti ilé sinimá, onílẹ̀kùn mẹ́ta, ó sì ya odò gba ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní, "Kí nìyẹn?" Ó ní, "Orísun, sà." Ọ̀gá rò pé odò ló ń sọ.

Ohun tó kù ni kí wọ́n ri èèkàn àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀, níbi tí etí odò á ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣí gbogbo rẹ̀ tán, níbi tí igi àkọ́kọ́ á wà. Wọ́n fún Ìyá Eléwéko ní hámà. Ó lu èèkàn náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwọn alága pàtẹ́wọ́, wọ́n ń wá mọ́tò wọn. Ó fi ẹsẹ̀ tì í wò. Ó mì díẹ̀.

"Ó ti tó," ọ̀gá rẹ̀ sọ. "Èèkàn lásán ni. Wọ́n ṣì máa fà á tu."

Ó wo èèkàn náà. Ó rò ó pé lọ́jọ́ kan, ọgbọ̀n ọdún, àádọ́ta ọdún, ẹnì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn á gbé máàpù tuntun dé ibí yìí, á wo igi rẹ̀, á wo adágún rẹ̀, á sì ní àwọn tó ṣe èyí ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Inú rẹ̀ ò bàjẹ́ sí i. Ó tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó gbé hámà sókè.

"Ẹni tó bá máa fà á tu," ó ní, "kó kọ́kọ́ làágùn."